Ihò Tí Mo Dí Lójú Ìyá Rẹ

                                        Ilé Kẹtàlá, Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí,
                                        Accra New Town,
                                        Accra, Gánà.
                                        Ọjọ́ Àìkú, 7 Oṣù Kejìlá, 1969.

Abọ́dúndé, ọ̀rẹ́ mi tí mo fi ṣe ọmọ ìyá,

Ẹ kú ààwẹ̀ o. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Sẹ̀kínátù ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti le dáadáa lẹ́yìn ìbímọ? Ọmọ tuntun ńkọ́, àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Àwọn ọmọ iléèwé rẹ ńkọ́, ṣé wọn kò yọ ọ́ lẹ́nu jù? A ń gbọ́ níbí pé gbogbo nǹkan ti gbówó lórí lọ́dọ̀ yín nítorí ogun. Kí Ọlọ́run bá wa pa iná rẹ̀. Ìtúnu ààwẹ̀ kò ju ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin lọ mọ́. Kí Ọlọ́run gba ààwẹ̀ yín. Tèmi, n kò mọ̀ bóyá yóò gbà á, ohun tó sì mú mi sọ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kọ sínú ìwé yìí.

Sàká tó ń ta aṣọ òkìrìkà ní ọjà Odawna ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Ó ti di ẹrù rẹ̀ tán, ọ̀la ni ọkọ̀ wọn yóò gbéra lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ, ó ṣeé ṣe kí Ìyá rẹ ti wà nínú ilé pẹ̀lú yín. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, jọ̀wọ́, má kà á níwájú wọn. Bọ́ síta, wá ibì kan jókòó sí. N kò mọ ohun tí wọ́n ti sọ fún ọ nípa mi. Bí mo bá mọ̀ wọ́n dáadáa, wọn kò tíì sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n kọ̀wé.

Ìwọ náà yóò ti gbọ́ ọ lórí rédíò pé ìjọba ibí pàṣẹ lọ́jọ́ kejìdínlógún oṣù tó kọjá pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ọ̀rẹ́ mi, o kò ní mọ Odawna mọ́ bí o bá rí i. Àwọn tó ti wà níbí kí wọ́n tó bí àwa méjèèjì ń ta bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́bàá títì. Ìdíátù aláṣọ, tí kì í ṣẹ́ kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni láyé rẹ̀, ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n ṣáà mú ohun tí wọ́n bá fẹ́. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n wọn kò sọ tẹni tó jẹ́ pé ibi àjò náà ni wọ́n bí i sí. Àwa tí wọ́n bí síbí rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn wá, nítorí pé kò sẹ́ni tó bi wá léèrè ìwé rí.

Tèmi tilẹ̀ yàtọ̀. O rántí pé bàbá mi kò jẹ́ kí wọ́n kọ ilà fún mi. Ìwọ ló máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà yẹn pé ojú mi dà bí ìdí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ojú tí kò nílà yẹn, àti èdè Twi tó yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, ni mo fi ń jẹun báyìí. Níbi iṣẹ́, Kwame ni gbogbo ayé ń pè mí, nítorí pé ọjọ́ Sátidé ni wọ́n bí mi. Àwọn oníbàárà mi kò mọ̀ pé Bàdírù Àjàdí lorúkọ mi. Wọn kò bi mí, èmi náà kò sì sọ fún wọn. Mo máa ń pe ìyẹn ní ọgbọ́n.

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n pàṣẹ yìí, Ìyá wá bá mi nílé. Wọ́n kó ìwé ìrìnnà wọn wá, àti fọ́tò méjì, àti ìwé tí olórí ọjà fi jẹ́rìí pé ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń ta ọṣẹ ní Accra láìjà láìta. Wọ́n ní kí n bá wọn gba ìwé ìgbélùú, nítorí èmi ni mo gbọ́ èdè òyìnbó. Mo bá wọn kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Mo ní kí ìwé náà wà lọ́wọ́ mi, pé a ó jọ lọ sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù yìí, nígbà tí èrò bá ti dínkù díẹ̀. Wọ́n gbàdúrà fún mi. O mọ bí Ìyá ṣe máa ń gbàdúrà, bíi kí wọ́n má dákẹ́ mọ́.

Nígbà tí ọjọ́ Ajé pé, mo ní kí wọ́n jẹ́ kó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni ọjọ́ tó gbẹ̀yìn. Mo sọ fún wọn pé iṣẹ́ kan ló dí mi lọ́wọ́, iṣẹ́ sì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló fà á. Mo ti kọjá níwájú ọ́fíìsì náà, mo ti rí ìlà tí àwọn èèyàn wa tò sí, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìkóríta, gbogbo wọn pẹ̀lú ilà ojú wọn. Mo rò ó pé bí mo bá dúró sí ìlà yẹn pẹ̀lú Ìyá, oníbàárà kan lè kọjá kó rí mi, kí ó mọ̀ pé Alata, ọmọ Yorùbá, ni Kwame. Èmi náà kò sì ní ìwé kankan. Ojú tì mí láti dúró ti ẹni tó tọ́ mi, Abọ́dúndé. Ohun tí mo ṣe nìyẹn, n kò ní orúkọ mìíràn fún un.

Iṣẹ́ tí mo ń wí yìí wà ní Adabraka, nílé Ọ̀gbẹ́ni Tẹ́tè, bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹ̀rọ amúlétutù kan wà lára ògiri yàrá rẹ̀ tó ti lo ọdún mẹ́tàlá. Òyìnbó tó gbé ilé náà tẹ́lẹ̀ ló fi í síbẹ̀ kí Gánà tó gba òmìnira. Atẹ́gùn òkun ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀ tán, ariwo rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ alọta. Ọdọọdún ni èmi àti Yàkúbù ọ̀gá mi ń rọ gáàsì sí i, tí a ń jó páìpù rẹ̀ pọ̀, tí a ń sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Tẹ́tè pé ó ti sàn. Ẹ̀rọ tó bá ń gba gáàsì lọ́dọọdún kò sàn rí, ọ̀rẹ́ mi. À ń tọ́jú rẹ̀ kó lè máa tọ́jú wa ni. Lọ́dún yìí ó kú pátápátá, kò sí irọ́ tí a tún lè pa mọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Tẹ́tè ní èyí tó tóbi jùlọ lòun fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Mo ní rárá. Ní ìlú tí ooru àti ọ̀rinrin ti pọ̀ bíi tiwa yìí, ẹ̀rọ tó bá tóbi ju yàrá lọ á mú un tutù kíákíá, á sì dákẹ́ kó tó fa omi inú afẹ́fẹ́ tán. Yàrá á tutù, ṣùgbọ́n á máa rin, aṣọ inú àpótí á sì máa bu. Èyí tó bá yàrá mu ni kó rà, èyí tí yóò máa ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí yóò máa fún omi jáde. Ó gbọ́ tèmi, inú mi sì dùn pé irú àgbà bẹ́ẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ohun kan tún wà tí a kì í gbàgbé nínú iṣẹ́ yìí: ẹ̀yìn ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju iwájú rẹ̀ lọ ní ìwọ̀n ìka kan, kí omi tó ń fún lè máa ṣàn síta. Yàkúbù ti gbá mi létí nítorí èyí nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, láti ìgbà náà n kò gbàgbé rẹ̀ rí, àfi lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Mo mọ̀ pé mò ń fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ra àkókò ni. Jẹ́ kí n sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo fi ìwé Ìyá sínú àpótí irinṣẹ́ mi, mo ní bí mo bá tètè ṣe tán n ó sáré lọ bá wọn. Yàkúbù ti padà sí Kano lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, èmi nìkan ni mo fa ẹ̀rọ àtijọ́ náà jáde. Ihò tó fi sílẹ̀ lára ògiri fẹ̀ débi pé ọmọdé lè gba ibẹ̀ kọjá. Láti inú yàrá, mo ń rí títì kedere. Ó ti tó nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, èmi àti Ọ̀gbẹ́ni Tẹ́tè fúnra rẹ̀ ti gbé ẹ̀rọ tuntun dé ẹnu ihò, a gbé e lé orí tábìlì kí a sinmi díẹ̀, ni mo bá gbọ́ ohùn Ìyá.

Wọ́n ti dúró dè mí láti àárọ̀. Nígbà tí wọn kò rí mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá mi kiri pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu nínú oòrùn yẹn, títí ẹnì kan fi júwe ilé Ọ̀gbẹ́ni Tẹ́tè fún wọn. Ọlọ́pàá kan dá wọn dúró níwájú ilé náà gan-an, ó ní kí wọ́n mú ìwé ìgbélùú wá. Wọ́n ń ṣàlàyé fún un ní Twi. O mọ Twi Ìyá, Ògbómọ̀ṣọ́ ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n yí ojú báyìí, wọ́n rí mi nínú ihò náà. Abọ́dúndé, inú wọn dùn. Mo rí i lójú wọn pé ìyọnu wọn ti tán.

"Àjàdí ọmọ mi nìyẹn," ni wọ́n wí. "Ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé mi wà."

Wọ́n sọ ọ́ fún ọlọ́pàá náà ní Twi. Ó súnmọ́ ihò, ó wo ojú mi tí kò nílà, ó ní, "Wonim no?" Ṣé mo mọ̀ wọ́n? Lẹ́yìn mi, Ọ̀gbẹ́ni Tẹ́tè ń bi mí pé, "Kwame, ṣé ẹni yín ni?" Àpótí irinṣẹ́ mi wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Bí mo bá tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lásán, ọwọ́ mi á kan ìwé náà.

"Mennim no," ni mo wí. N kò mọ̀ wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé ẹ̀rọ. Ó wúwo, ṣùgbọ́n n kò dúró kí Ọ̀gbẹ́ni Tẹ́tè bá mi gbé e mọ́. Mo tì í sínú ihò náà. Ojú Ìyá wà lójú mi títí tí ẹ̀rọ fi dí wọn mọ́ mi. Mo so iná mọ́ ọn, mo tan án, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, n kò sì gbọ́ nǹkan kan láti ìta mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Tẹ́tè dúró síwájú rẹ̀, ó dijú, ó ní iṣẹ́ mi dára. Ó bu omi tútù fún mi nínú ife, mo sì mu ún tán. Èmi tí mo ti gbààwẹ̀ láti àárọ̀. Àwọn alùfáà ní ẹni tó bá gbàgbé tó mu omi, ààwẹ̀ rẹ̀ kò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n n kò lè búra pé mo gbàgbé.

Ẹni tó bá da omi síwájú ni wọ́n ní ó máa ń tẹ ilẹ̀ tútù. Omi tí Ìyá dà síwájú ní ti èmi, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìyá mi kú. Ìyá fi mí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ lórí ẹní kan náà, wọ́n sì ń pín ẹ̀kọ kẹ́ńkẹ́ sí méjì lójú wa kí ẹnikẹ́ni nínú wa má baà sunkún. Ìwọ tilẹ̀ máa ń sọ pé tèmi ló ń tóbi jù. Òótọ́ ni, mo mọ̀ ọ́n nígbà náà, n kò sọ.

Lọ́jọ́rú, mo kó ìwé náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tí wọ́n mú Ìyá lọ. Mo dé ẹnu géètì, n kò wọlé. Níbẹ̀ ni mo ti pàdé Àgbékẹ́ tó ń pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá lọ́jà, ó gbé oúnjẹ ìṣínu lọ fún wọn. Ó rí mi, ó rò pé láti àárọ̀ ni mo ti ń sáré kiri nítorí wọn. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó ní ẹni tó bá tọ́ irú mi kò tọ́mọ lásán. Kí ilẹ̀ là kó gbé mi mì ni mo ń rò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì padà sílé.

Lọ́jọ́bọ̀ ni mo tó wọlé. Wọ́n ti kó ọkọ̀ ńlá dúró sínú ọgbà, àwọn èèyàn ti ń gùn ún. Mo fa ìwé Ìyá yọ, mo na án sí ọ̀gá tó wà lórí tábìlì, mo ní ti ìyá àgbà yẹn ni, ọwọ́ mi ni ó wà. Ó ní ọjọ́ ti kọjá, ìwé náà kò wúlò mọ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí láti òkè délẹ̀, ó bi mí pé kí ni èmi jẹ́ sí wọn, ìwé tèmi ńkọ́? Kí n tó lanu, ó yí sí Ìyá, ó bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ mí.

Ìyá wò mí. Wọ́n ní, "Mennim no."

Bí ọ̀gá náà ṣe fi mí sílẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ń tò lọ sídìí ọkọ̀, Ìyá gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ọwọ́ wọn kò mú ju ṣálúbàtà kan àti báàgì kékeré kan lọ, gbogbo ọṣẹ wọn ṣì wà ní Odawna. Wọn kò dúró, wọ́n sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ ní èdè wa.

"Àjàdí, ṣé yàrá náà tutù?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó síwá sẹ́yìn. Bóyá wọ́n fẹ́ gbà mí ni wọ́n ṣe sọ pé àwọn kò mọ̀ mí, kí wọ́n má baà da èmi náà sínú ọkọ̀. Bóyá ọ̀rọ̀ tèmi ni wọ́n dá padà fún mi. Bóyá méjèèjì ni. Ìyá kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ìwọ náà mọ̀ wọ́n.

Ó kù díẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, Ọ̀gbẹ́ni Tẹ́tè ránṣẹ́ pè mí. Ẹ̀rọ tuntun náà ń da omi sínú yàrá, ó ti mú ibùsùn rẹ̀ rin. Bí mo ṣe tì í sínú ihò lọ́jọ́ yẹn, n kò rántí pé ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀. Mo ní láti tún un fà jáde kí n fi igi tẹ́ abẹ́ rẹ̀, ihò náà sì tún là sílẹ̀, mo tún ń rí ibi tí Ìyá dúró sí. Mo dúró síbẹ̀, n kò lè ṣiṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Tẹ́tè wá bá mi, ó bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ bóyá ìyá mi ni ìyá yẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyá mi ni. Ó ní ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò náà àti òun jọ lọ sí iléèwé ni, pé bí mo bá ti sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun ì bá ti bọ́ síta lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ní ó ti tó ọdún mẹ́rin tí òun ti mọ̀ pé Alata ni mí, nítorí mo máa ń ka ení, èjì jẹ́ẹ́jẹ́ ní èdè wa bí mo bá ń ka àwọn ìdè ẹ̀rọ.

Mo tún ẹ̀rọ náà ṣe. Kò jo mọ́.

Inú àpò-ìwé yìí ni mo fi ìwé ìrìnnà Ìyá sí, àti fọ́ọ̀mù tó ní àtàǹpàkò wọn, àti fọ́tò wọn méjèèjì. Àgbékẹ́ ti bá wọn kó ọṣẹ wọn pamọ́, n ó rí i pé ó dé ọ̀dọ̀ yín. N kò ní kí o bá mi bẹ̀ wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni yóò bá bẹ̀ wọ́n, ẹnu tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn ni kó lọ bẹ̀ wọ́n. Mo fẹ́ wá sílé. Ṣùgbọ́n ilé wo? Ní agbo ilé bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sẹ́ni tó mọ ojú mi. Ìyá nìkan ni ilé tí mo ní. Bí wọn kò bá gbà mí, n ó kúkú jókòó síbí kí n máa jẹ́ Kwame títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé.

Bá mi kí Tàíbátù àbúrò rẹ, sọ fún un pé mo gbọ́ nípa ìgbéyàwó rẹ̀, inú mi dùn. Kí Rájí ọ̀rẹ́ wa fún mi, kó má bínú pé n kò tíì dá èsì ìwé rẹ̀ padà. Bá mi kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, sì fi omi tútù tọ́ ọmọ tuntun lẹ́nu fún mi.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o bá mi bi Ìyá, kí o sì kọ ìdáhùn wọn bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, má ṣe bu omi là á nítorí mi. Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà yín, tí o wò mí, tí o sì yí sí wọn pé ṣé wọ́n mọ ẹni yìí, kí ni wọn yóò wí?

Èmi tí mo ṣì jẹ́ tìrẹ, bí o bá ṣì ń fẹ́ mi,

Bàdírù Àjàdí.